Ìwé-Ẹ̀rí àti Ìwé-Àṣẹ: Orúkọ Àwọn Onímọ̀ Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ìgbọ́ràn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ ni ó ń fún onímọ̀ ìtọ́jú-ọ̀rọ̀-sísọ àti onímọ̀ ìgbọ́ràn láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Florida ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ní 1969. Ohun tí òfin sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ni oyè kejì ti yunifásítì, ìdánwò, àti iṣẹ́ lábẹ́ àmójútó ẹni tí ó ti dáńgájíá. Ní ti ìgbọ́ràn, oyè ọ̀mọ̀wé ni a ń kà sí òṣùwọ̀n báyìí.

Ìwé méjì ni ó wà níhìn-ín. Ẹgbẹ́ ASHA, tí a dá sílẹ̀ ní 1925, ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ. Ẹ̀rí kò dípò àṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí kò ní àṣẹ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi orúkọ iṣẹ́ náà pe ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí Yorùbá bá pe ìwé méjèèjì ní ‘ìwé-ẹ̀rí’, tàbí tí ó pe onímọ̀ ìgbọ́ràn ní ‘dókítà etí’, ìtumọ̀ ti dàrú. Dókítà etí ń fún aláìsàn lóògùn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Onímọ̀ ìgbọ́ràn ń wọn agbára ìgbọ́ràn, ó sì ń yan ẹ̀rọ agbọ́ràn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tètè fọhùn nílò orúkọ tí kò ní ṣì í lọ́nà.