Afẹ́fẹ́ Ni Ẹlẹ́rìí: Bí A Ṣe Ń Dán Páìpù Abẹ́ Ilẹ̀ Wò Kí Wáyà Tó Wọ̀ Ọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà fáíbà tí ó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí ni a kò rì mọ́lẹ̀ ní tààrà. Páìpù oníke ni a kọ́kọ́ ń rì sí abẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí etí títì. Nígbà tí a bá ti da iyẹ̀pẹ̀ padà, tí a sì ti tẹ́ ọ̀dà lé e, ni wáyà yóò tó gba inú páìpù náà kọjá, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì, ojú kò rí páìpù mọ́. Òkúta lè ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, oríkèé rẹ̀ lè ti yọ, ẹrẹ̀ sì lè ti kún inú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ ipò ohun tí ojú kò lè rí, láìtún ilẹ̀ gbẹ́? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn: afẹ́fẹ́ tí a fi ẹ̀rọ fún pọ̀ ni a ń rán wọ inú páìpù kí ó wá jẹ́rìí ohun tí ó bá níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń bi ẹlẹ́rìí yìí, àti pé ìdáhùn sí ọ̀kan kò lè dúró fún ìdáhùn sí èkejì. Ibi tí a bá ti pa ìbéèrè wọ̀nyí pọ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ibẹ̀ náà ni ènìyàn ti lè farapa.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó máa lò léraléra. “Ìfúnpá” ni agbára tí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ fi ń ti ara ohun tí ó há a mọ́. Gééjì ni a fi ń kà á, bar sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Bar 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìfúnpá afẹ́fẹ́ àyíká wa dọ́gba. “Kòtò ọlọ́mọrí” ni kòtò tí ó ní ìdérí irin tàbí kọnkéré lójú ọ̀nà, níbi tí orí páìpù ti yọ síta. “Kọ́nà” ni ibi tí páìpù ti yà kúrò ní títọ́.

Ìdí tí ó fi jẹ́ afẹ́fẹ́

Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní ìlú Harlow, fi hàn pé gíláàsì tí ó bá mọ́ tó lè gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lọ sí ọ̀nà jíjìn gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Kao gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2009. Ẹyọ fáíbà kan kò nípọn ju mìlímítà 0.125 lọ, kí a tó fi ohun ààbò bò ó. Ó lè gbé ohùn àti àwòrán àìmọye, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a fà á nífàkúfà.

Fífà ni ìṣòro náà. Bí ènìyàn bá ká okùn mọ́ òpó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè fi ọwọ́ kan dá akọ màlúù dúró. Kì í ṣe agbára tirẹ̀ nìkan. Híha tí okùn ń ha ara òpó ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun kan náà tí ó ń ran ẹni tí ó so màlúù lọ́wọ́ ni ó ń bá ẹni tí ó ń fa wáyà jà. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, agbára tí a nílò kì í kàn ṣe àròpọ̀, ìlọ́po ni. Bí a bá gbà pé ìwọ̀n híha jẹ́ 0.35, kọ́nà 90 dígírì kan yóò sọ agbára fífà di nǹkan bí ìlọ́po 1.7. Kọ́nà mẹ́rin irú rẹ̀ yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 9.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ British Telecom gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ẹ̀tọ́ àbò múlẹ̀ lórí ọgbọ́n fífi afẹ́fẹ́ gbé fáíbà gba inú páìpù tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ tí ó ń sáré kọjá lára wáyà ń gbá a lọ ní mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ibì kan tí gbogbo ẹrù ti wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ti wáyà wọlé lẹ́nu páìpù, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ.

Láti ibí yìí ni a ti lè rí ìdí tí afẹ́fẹ́ fi yẹ fún ìdánwò. Ohun tí yóò gbé wáyà lọ́la ni a fi ń yẹ ọ̀nà wò lónìí. Bí oríkèé kan bá ń jò, ohun tí ó ń jò jáde kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Agbára tí ó yẹ kí ó gbé wáyà dé òpin ìrìn rẹ̀ ni.

Ìbéèrè mẹ́ta

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé: ṣé ọ̀nà là já? Òṣìṣẹ́ kan yóò so kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́ orí páìpù kan, ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì dúró ní òdìkejì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde níbi tí a ti ń retí rẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀nà là, a sì tún mọ̀ pé páìpù tí a rò pé a dì mú náà ni a dì mú. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí páìpù méje tàbí méjìlá bá wà nínú ìdì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi afẹ́fẹ́ ti fóòmù rírọ̀ kọjá, bí ẹni fi kàn-ìn-kàn-ìn nu inú ìgò, kí ó lè kó omi àti ẹrẹ̀ jáde.

Ìbéèrè kejì ni pé: ṣé inú páìpù ṣì fẹ̀ tó, ó sì rí róbótó? Afẹ́fẹ́ lè gba ojú ihò abẹ́rẹ́ kọjá, nítorí náà jíjáde rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ìbú páìpù. Bọ́ọ̀lù kékeré líle ni a óò fi afẹ́fẹ́ tì wọlé nísinsìnyí. Ó wọ́pọ̀ kí ìbú bọ́ọ̀lù náà tó nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìbú inú páìpù. Bí inú páìpù bá jẹ́ mìlímítà 8, bọ́ọ̀lù yóò tó mìlímítà 6.4. Fóòmù lè fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó sì yọ́ kọjá níbi tí òkúta ti tẹ páìpù, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù líle kò ní àrékérekè yẹn.

Ìbéèrè kẹta ni pé: ṣé páìpù ń jò? A ó dí òdìkejì, a ó fún páìpù ní afẹ́fẹ́ títí ìfúnpá yóò fi dé iye tí ìwé iṣẹ́ sọ, a ó ti fáàfù, a ó sì máa wo gééjì fún àkókò tí a dá. Fọkánásà ń tẹ túùbù táyà bọ omi kí ó lè rí ibi tí ó ti ń hó. Páìpù tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ bọ omi. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ gééjì fi di ojú wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí ètò yìí kò fi ṣe é dojú rú. Ká ní ọkọ̀ ńlá kan ti tẹ páìpù 600 mítà mọ́lẹ̀ ní mítà 150, tí ó sì dí pátápátá. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kẹta, gééjì yóò dúró gbọnin, nítorí pé kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò láàárín ẹnu páìpù àti ibi tí ó dí. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé páìpù yege, bẹ́ẹ̀ mítà 150 péré ni a dán wò, wáyà kan kò sì ní kọjá níbẹ̀ láéláé.

Ohun tí gééjì lè fi tàn wá

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ń mú un gbóná. Ilẹ̀ tí páìpù wà nínú rẹ̀ tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ní 40 dígírì Celsius, tí a sì ti fáàfù nígbà tí gééjì wà ní bar 10, kí afẹ́fẹ́ náà tó tutù dé 12 dígírì, gééjì yóò ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí bar 9. Kò sí ibì kankan tí ó jò; òfin tí ó so ìfúnpá mọ́ ìgbóná ni ó ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ èyí lè sọ pé kí a hú páìpù tí kò ní àbùkù. Ìdàkejì rẹ̀ léwu jù: bí oòrùn bá ń pa apá tí kò sí lábẹ́ ilẹ̀, ìgbóná lè máa gbé ìfúnpá sókè bí jíjò ṣe ń fà á wálẹ̀, kí gééjì sì máa ṣe bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Nítorí náà, a ń fi ẹ̀rọ ìmútutù sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, a sì ń dúró kí ìgbóná rọlẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Páìpù kékeré ń tan ènìyàn jẹ. Bí ìbú inú páìpù bá jẹ́ mìlímítà 33, tí ìfúnpá sì jẹ́ bar 6, agbára tí ó wà lẹ́yìn ohun tí ó dí i tó ìwúwo kílò 52. Ìdérí tí a kò so dáadáa tàbí bọ́ọ̀lù ìdánwò tí ó ń sáré bọ̀ lè jáde bí ọta ìbọn.

Omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é fún pọ̀. Bí páìpù tí ó kún fún omi bá bẹ́, ìfúnpá yóò lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti afẹ́fẹ́, ó ń tọ́jú agbára bí rọ́bà tí a fà. Ìdí nìyí tí HSE, àjọ tí ó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń gbani nímọ̀ràn pé omi ni kí a fi dán ohun tí ó ń gba ìfúnpá wò níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá kù sínú páìpù wáyà lè dì nígbà òtútù, kí ó sì fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, kí ó wá fún wáyà mọ́ ara páìpù. Nítorí ìdí èyí ni a kò fi lè yẹra fún afẹ́fẹ́. Ìkíyèsára ni ó kù. A ń so ohun ìgbà tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ mọ́ òdìkejì kí ó lè gba bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà nínú kòtò ọlọ́mọrí tàbí níwájú ẹnu páìpù nígbà tí ìfúnpá bá wà nínú rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ tú nǹkan kan àyàfi tí gééjì bá ti padà sí òdo.

Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá

Bí bọ́ọ̀lù bá há, gééjì yóò ròkè, òdìkejì yóò sì dákẹ́. A ó wá fi ọ̀pá gbọọrọ tí a fi mítà sàmì sí ti inú páìpù láti ìhà méjèèjì. Ká ní páìpù jẹ́ 600 mítà. Bí ọ̀pá bá dúró ní mítà 212 láti ìhà kan àti ní mítà 388 láti ìhà kejì, àpapọ̀ wọn pé 600: ibì kan ṣoṣo ni ó dí, a sì ti mọ ibẹ̀. Bí àpapọ̀ wọn kò bá tó 600, ìdínà ju ẹyọ kan lọ, tàbí kí ó jẹ́ pé ibi gígùn kan ni ó tẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ láàárín ihò kékeré kan lójú títì àti kòtò gbọọrọ.

Afẹ́fẹ́ kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí fún gbogbo páìpù. Páìpù amọ̀ ti àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà àtijọ́ sì wà nínú wọn. Oríkèé wọn kò lè há afẹ́fẹ́ mọ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń ki páìpù oníke kékeré bọ inú wọn, òun ni a ó wá dán wò.

Ta ni ó ni àbájáde ìdánwò?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ gééjì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi àti owó wà. Ẹni tí ó rì páìpù lè má jẹ́ ẹni tí yóò fi wáyà sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ofcom pàṣẹ pé kí Openreach jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lo páìpù àti òpó rẹ̀. Ní Èkó náà, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ètò páìpù àjùmọ̀lò kalẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan má baà máa gbẹ́ títì kan náà léraléra. Níbi tí ẹni púpọ̀ bá ti ń lo ọ̀nà kan, ìwé ìdánwò ni ó ń sọ ipò tí ọ̀nà wà nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òfin pẹ̀lú ń ran ìwé náà lọ́wọ́ láti níyì. Òfin iṣẹ́ ojú títì ti ọdún 1991 àti ìlànà tí ó tẹ̀lé e ní England mú kí ẹni tí ó bá gbẹ́ ojú ọ̀nà dúró fún àtúnṣe rẹ̀ fún ọdún 2, tàbí ọdún 3 bí kòtò náà bá jìn gan-an. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún títì kan ṣe, ó lè dínà pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ fún sáà kan. Páìpù tí a kò dán wò kí ọ̀dà tó bò ó lè tipa bẹ́ẹ̀ di ohun tí ọwọ́ kò lè tó, kí àwọn ilé tí ó wà ní òpin rẹ̀ sì máa dúró.

Nítorí náà, ìwé ìdánwò tí ó bá kàn kọ “ó yege” kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tí ó wúlò yóò sọ páìpù tí ó jẹ́ àti àwọ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀, ìbú bọ́ọ̀lù tí ó la inú rẹ̀ já, ìfúnpá ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, ìṣẹ́jú tí a fi dúró, àti bí ìgbóná ṣe rí. Pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá dé lọ́dún tí ń bọ̀ pẹ̀lú wáyà léjìká yóò mọ ohun tí a bi afẹ́fẹ́, yóò sì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ fi dá wa lóhùn.