Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì ṣe tú àṣírí ikú Fẹlá fáráyé

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì lọ́jọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, ya gbogbo Èkó lẹ́nu. Fẹlá Aníkúlápó ti kú lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sunkún ni wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló pa á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pe àwọn oníròyìn, ó là á mọ́lẹ̀: éèdì ni.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí. Ta ló jẹ́ dárúkọ éèdì nílé òkú? “Àìsàn ráńpẹ́” ni ẹbí máa ń sọ. Fẹlá gan-an kò gba oògùn òyìnbó gbọ́. Dókítà Beko, àbúrò wọn tóun náà jẹ́ oníṣègùn, wà lẹ́wọ̀n Abacha. Olikóyè lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àmọ́ kò dákẹ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó ti ń ṣe bọ̀ kò ní ṣe háà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1927. Bàbá rẹ̀, Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Ransome-Kútì, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Yunifásítì Ìbàdàn àti Trinity College ní Dublin ló ti kàwé. Láti 1967 ló ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ní yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, ó sì di olórí ẹ̀ka náà.

Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ni ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èéyi ti fẹ́ pa kí wọ́n tó gbé e dé. Ó ní bí ilé ìwòsàn ṣe tóbi tó kọ́ lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó wà nítòsí ìyá ọmọ ni. Ní Gbájà, Sùúrùlérè, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, láìdúró de dókítà.

Ọdún 1985 ni Ọ̀gágun Babangida fi í ṣe mínísítà ètò ìlera. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn o! Sójà ló dáná sun ilé Fẹlá ní Moṣáláṣí ní 1977, nítòsí Ìdí-Àràbà níbẹ̀, tí wọ́n ju ìyá wọn látojú fèrèsé. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí lọmọ rẹ̀ wá lọ ṣe lábẹ́ sójà?

Iṣẹ́ tó ṣe ló dáhùn. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Àjẹsára délé dóko. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí ìyá ọmọ mọ̀ ọ́n pò fúnra rẹ̀: omi mímọ́ ìgò bíà kan tàbí ìgò míníra méjì, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan tí orí rẹ̀ dọ́gba, ṣúgà hóró márùn-ún. Lóde òní, ORS inú páálí àti síǹkì làwọn dókítà ń sọ pé kí wọ́n lò, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni.

Éèdì náà, òun ni mínísítà nígbà tí Nàìjíríà kéde pé ó ti wọlé ní 1986. Ọdún gbọọrọ ló fi ń sọ fáwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má ṣe fi pamọ́. Nígbà tó wá kan ilé tiẹ̀ ńkọ́? Ohun kan náà ló sọ.

Lẹ́yìn tó kúrò nípò, àjẹsára já wálẹ̀ gan-an láwọn ọdún 1990. London ló kú sí, ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, 2003.

Oògùn tó ń kápá kòkòrò éèdì ti wà báyìí, ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè dàgbà dogbó. Àmọ́ ìtìjú ṣì ń pa àwọn kan tí oògùn ìbá gbà là. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àyẹ̀wò, kó rántí pé mínísítà tẹ́lẹ̀rí dárúkọ àrùn yìí lórí òkú àbúrò rẹ̀, kò sì bo ojú.