Ọkọ̀ agbépo kan ló sọ BP di AP! Bí wọ́n ṣe ti ojú omi àti ojú sánmà mọ́ South Africa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ra epo sí mọ́tò lọ́dún 1979, ẹ ò ní í gbàgbé. L'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta títí dé òkè Ọya, kò síbi tí ilé epo BP ò sí. Àfi bí wọ́n ṣe kun orúkọ náà dànù, tí wọ́n kọ AP síbẹ̀, ìyẹn African Petroleum. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe jẹ́ á rò pé òyìnbó ta ọjà ẹ̀ fún olówó kan ni. Irọ́ o! Wọn ò tà á, ìjọba Nàìjíríà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sì mú kí wàhálà ọ̀hún bú jáde ni ọkọ̀ ojú omi kan báyìí. Kulu lorúkọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kó tó kan Kulu. Ìjọba òyìnbó tó wà ní South Africa nígbà yẹn, ẹ mọ ìwà wọn, àwọn tó ní èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ bá òyìnbó gbé àdúgbò kan náà, kò gbọdọ̀ dìbò, kò sì gbọdọ̀ rìn nílẹ̀ bàbá ẹ̀ láìmú ìwé dání. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 1962, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, ṣe ìpinnu kan tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1761. Wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè ti èbúté wọn mọ́ ọkọ̀ tó bá ta àsíá South Africa, kí ọkọ̀ tiwọn náà má ṣe yà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí bàlúù South Africa balẹ̀ sílùú wọn tàbí kó gba ojú sánmà wọn kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: wọ́n rọ̀ wọ́n ni, wọn ò pa á láṣẹ. Ẹni tó bá wù ló ṣe é. Ìbọn àti nǹkan ìjà nìkan ni ìgbìmọ̀ aláàbò UN sọ di dandan, lọ́dún 1977. Ti epo rọ̀bì, wọn ò sọ ọ́ di dandan títí tí gbogbo ẹ̀ fi parí.

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ló mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Láti 1963 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojú sánmà wọn mọ́ South African Airways, SAA. Ẹ mú máàpù Áfíríkà, kẹ́ ẹ wò ó. Apá ìwọ̀-oòrùn tá a wà yìí yọ sínú òkun bí ikùn aboyún. Bàlúù tó ń ti Johannesburg lọ sí London, àárín ilẹ̀ ló yẹ kó gbà tààrà. Ti SAA kọ́ nìyẹn o, ojú òkun ni wọ́n lé e sí, kó máa yí ikùn aboyún yẹn po látìsàlẹ̀ dókè. Nígbà tí àwọn òyìnbó Portugal ṣì ń ṣèjọba Angola, wọ́n máa ń rí Luanda dúró sí. Erékùṣù Sal, ní Cape Verde, náà tún di ibi tí wọ́n ti ń rọ epo.

Ẹ wá wo ìyà tó wà nínú ẹ̀. Wákàtí ń gorí wákàtí, epo ń gorí epo. Bàlúù kì í ṣe mólúè tí kọ̀ndọ́kítọ̀ lè máa rọ èrò kún un. Bí epo inú ẹ̀ bá ti pọ̀ jù, èrò àti ẹrù ló máa dín kù. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé bàlúù àwọn òyìnbó Yúróòpù tó ń lọ sí Johannesburg kan náà ń gba orí ilẹ̀ Áfíríkà kọjá ní tiwọn, wọ́n á balẹ̀ sí Nairobi, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú. Ta ló fẹ́ fowó ẹ̀ ra ìjókòó pípẹ́?

Lọ́dún 1976, SAA lọ ra irú bàlúù kan lọ́dọ̀ Boeing, 747SP. Jumbo náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú, kì í kó èrò tó ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, àmọ́ ó lè rìn jìnnà gan-an. Nígbà tí wọ́n ń gbé àkọ́kọ́ bọ̀ wálé lóṣù kẹta ọdún yẹn, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà ló ti fò dé Cape Town láìdúró níbì kankan, ohun tó ju 16,500 kìlómítà lọ. Aráyé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní tèmi o, mo rí i bí ìgbà tí èèyàn lọ ra mọ́tò olówó ńlá nítorí pé aládùúgbò ò jẹ́ kó gba ẹ̀yìnkùlé òun kọjá.

Cape Verde gbòmìnira lọ́dún 1975. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ràn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Síbẹ̀, wọn ò lé SAA kúrò ní Sal, torí owó tí pápákọ̀ òfurufú yẹn ń pa wọlé fún wọn. Àwọn kan bú wọn. Èmi ò bú wọn, erékùṣù gbígbẹ tójò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?

Ohun tó sì ká SAA mọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà dé lọ́dún 1986. Ààrẹ Reagan ò fẹ́ òfin ọ̀hún, ó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin dìbò borí ẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún náà. Kí ọdún yẹn tó parí, SAA ò lè balẹ̀ sí Amẹ́ríkà mọ́. Australia náà lé wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bàlúù ò ṣe é fi pamọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ṣe é fi pamọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti di àràmàǹdà. South Africa ní góòlù, ó ní dáyámọ́ǹdì, ó ní èédú tí wọ́n tiẹ̀ ń sọ di epo mọ́tò nílé iṣẹ́ Sasol, ṣùgbọ́n kò ní epo rọ̀bì tó máa tó o. Lóṣù kọkànlá ọdún 1973 làwọn Lárúbáwá ti láwọn ò ní í ta epo fún un mọ́. Ọba ilẹ̀ Iran, tí wọ́n ń pè ní Shah, ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Nígbà tó wá di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, àwọn ará Iran lé ọba ọ̀hún kúrò lórí oyè, ìjọba tuntun sì ti ẹ̀rọ mọ́ South Africa lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá epo kiri bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Inú oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Kulu wá gbépo ní Nàìjíríà. Àsíá Panama ló ta, BP ló háyà ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba wa tú ìwé ẹ̀ wò, South Africa lẹni tó ni ín wà. Wọ́n dá a dúró. BP láwọn ò gbé epo Nàìjíríà lọ sí South Africa, ilẹ̀ Yúróòpù ló ń lọ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún BP láti fi epo tó ń jáde lójú òkun tiwọn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú epo ibòmíràn, kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n máa tà fún South Africa. Ó dà bí ẹni tẹ́ ẹ ta gaàrí fún, tẹ́ ẹ sì kì í nílọ̀ pé kó má ṣe fún ọ̀tá yín jẹ níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó gbé gaàrí ilé ẹ̀ fún ọ̀tá yín, ó wá da tiyín sínú àpò tó ṣófo. Ṣé ẹ máa ní kò parọ́ fún yín?

Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wà lórí àlééfà, ó ku oṣù méjì kó gbéjọba fún alágbádá. Àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth fẹ́ ṣèpàdé ní Lusaka, níbi tí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí. Ìyáàfin Thatcher, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní London, ò tíì sọ ibi tó dúró sí kedere. Ó ku ọ̀la kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje, ni ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn ti gba ohun tí BP ní nílẹ̀ yìí. Ìpín ogún nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ní nínú kànga epo tí wọ́n jọ ń ṣe pẹ̀lú Shell bọ́ sọ́wọ́ NNPC, ìpín ọgọ́ta tí wọ́n ní nínú ilé iṣẹ́ tó ń ta epo bẹntiróòlù náà lọ. Bí ilé epo BP ṣe di AP nìyẹn. Kí ọdún tó parí, àdéhùn Zimbabwe ti wáyé ní London. Mi ò ní kí n sọ pé AP ló ṣe é, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé àwọn ò gbọ́ ìró ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan o. Shell náà ní ilé epo ní South Africa. Òun àti BP ni wọ́n jọ ni ilé ìfọpo Durban. Kí ló dé tí wọn ò fọwọ́ kan Shell? Lójú tèmi, Shell ló ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú epo wa. Ẹni tó ń fún yín lóúnjẹ, ẹ ò lè lé e kúrò nílé bí ẹ ṣe ń lé ayálégbé.

Ọdún yẹn kò tíì parí tí èyí tó tún ju ti Kulu lọ fi ṣẹlẹ̀. Lóṣù kejìlá, ọkọ̀ agbépo kan tó ń jẹ́ Salem gbé nǹkan bíi 196,000 tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì ní Kuwait, ó ní Italy lòun ń lọ. Àsíá Liberia ló ta, àsíá èèyàn dúdú! Bó ṣe wà lójú omi, Shell ra ẹrù inú ẹ̀ ní mílíọ̀nù 56 dọ́là. Kò mọ̀ pé wọ́n ti ta epo náà fún ẹlòmíì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, wọ́n kun orúkọ ara ọkọ̀, Salem di Lema, ó yà sí Durban, ó já nǹkan bíi 180,000 tọ́ọ̀nù síbẹ̀. Wọ́n wá rọ omi òkun sínú ẹ̀, kó lè rì sísàlẹ̀ bí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù, ó sì tún kọrí sí ìrìn àjò ẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1980, Salem rì lójú òkun Senegal. Wọ́n ní nǹkan bú gbàù nínú ẹ̀. Ọkọ̀ BP kan, British Trident, ló yọ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ẹnu ya àwọn tó yọ wọ́n: àwọn tí ọkọ̀ wọn ń rì, báàgì wọn ti wà ní dídì, kódà wọ́n ti ṣètò ohun tí wọ́n máa jẹ. Ìwé ọkọ̀ nìkan ni wọn ò ráyè mú! Epo tó yẹ kó bo ojú omi náà ò sì tó nǹkan. Wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé jìbìtì ni. Frederick Soudan, ọmọ Lebanon tó di ará Amẹ́ríkà, ló wà nídìí ẹ̀. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi lọ́dún 1985. South Africa náà san nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù dọ́là fún Shell kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ẹ ẹ̀ rí i pé wọ́n sanwó epo kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn gan-an lohun tí ìfòfindè yìí ṣe fún wọn. Epo ò wọ́n títí tí mọ́tò fi dúró, ṣùgbọ́n gbogbo àgbá epo tó bá wọlé ló ti gba ọwọ́ alágbàtà kọjá, ọ̀gákọ̀ á gbowó ewu, ẹni tó pa ìwé dà náà á gba tiẹ̀. Lọ́dún 1986, P. W. Botha fúnra ẹ̀, olórí wọn, sọ pé láàárín 1973 sí 1984, àwọn ti ná bílíọ̀nù 22 rand lé iye tó yẹ káwọn fi ra epo. Àwọn tó sì jẹ èrè ẹ̀ wà. Marc Rich, oníṣòwò epo tí Ààrẹ Clinton foríjì lọ́dún 2001, jẹ́wọ́ fún akọ̀ròyìn tó kọ ìwé nípa ẹ̀ ní 2009 pé South Africa wà lára ibi tóun ti jèrè jù lọ.

Ta ló san bílíọ̀nù 22 ọ̀hún? Wọ́n bu owó lé epo tí aráàlú ń rà. Èèyàn dúdú tí wọ́n lé lọ sí ẹ̀yìn ìlú, tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun náà san níbẹ̀. Oliver Tambo àti ẹgbẹ́ ANC mọ̀ pé ó máa kan àwọn èèyàn wọn, síbẹ̀ àwọn ló ń bẹ aráyé pé kí wọ́n fún okùn náà le. Níbí náà, òṣìṣẹ́ ìjọba dá owó sí àpò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ará gúúsù Áfíríkà látinú owó oṣù wọn.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ náà ò ju díẹ̀ lọ. Láti 1980 làwọn kan ti ṣí ọ́fíìsì kékeré kan sí Amsterdam, Shipping Research Bureau. Wọn ò ní ọkọ̀ ogun, ìwé ni wọ́n ń kà: ọkọ̀ wo ló gbépo, ọjọ́ wo ló kúrò, ibo ló ní òun ń lọ, kí ló dé tó fi padà láìdé ibẹ̀? Wọ́n á tẹ orúkọ ẹ̀ jáde. Torí wọn lọ̀pọ̀ ọ̀gákọ̀ ṣe ń fi ọ̀dà bo orúkọ ọkọ̀ kí wọ́n tó wọ Durban.

Oṣù kejìlá ọdún 1993 ni UN ká ìfòfindè epo náà kúrò. Mandela di ààrẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. AP náà ti pàwọ̀ dà: lọ́dún 2010 ó di Forte Oil, ó tún di Ardova lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọ̀dà yẹn ò bá wọn lọ. Àwọn tó ń gbé epo Iran, Russia àti Venezuela kiri lẹ́yìn òfin ṣì ń lò ó. Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá, ọdún 2025, àwọn sójà Amẹ́ríkà já wálẹ̀ látinú hẹlikọ́pítà sórí ọkọ̀ agbépo ńlá kan nítòsí Venezuela. Skipper ni wọ́n kọ sí i lára, àsíá Guyana ló ta, Guyana sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé ó ń gbépo Iran. Orúkọ tó ń jẹ́ nígbà yẹn kọ́ ni Skipper o. Adisa ló ń jẹ́.