Ohun Tí Ẹlẹ́kọ Àdìrẹ Lè Kọ́ Ẹni Tó Ń Kun Ojú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gba Èkó Àkété, ilé ọgbọ́n, kọjá lọ sí ilẹ̀ Lẹ́kkí tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán, tí ó sì yà sí ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí, dá sílẹ̀ níbẹ̀, yóò bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàdé, aṣọ tí ojú kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Kí aṣọ náà tó dé ìkòkò aró, obìnrin tí ó ń ṣe é ti ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ó ti fi ya ẹyẹ àti ẹja sí ojú aṣọ funfun, ó sì ti sá a títí ẹ̀kọ náà fi gan. Nígbà tí wọ́n bá wá rì í sínú aró ẹ̀lú, tí wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n tún rì í, títí ó fi dú bí ìyẹ́ agbe, ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní gba aró. Aláró kò lé aró kúrò níbẹ̀. Ó ti pààlà fún un kí ó tó dé.

Ọgbọ́n ààlà yìí gan-an ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, pàápàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti Ìkàtẹ́ títí dé Ajáh àti Sàngótẹ́dó.

Ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe pátákó tí a kọ nǹkan sí tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Àmì iná wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní píksẹ́lì ni ó kún un, ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà lóde òní sì ní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Bọ́tìnì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 120, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ 40, gba 4,800 péré nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní kí a tún gbogbo ojú kùn nítorí pé bọ́tìnì kan ṣoṣo yí àwọ̀ padà, ìlọ́po 432 iṣẹ́ tí ó yẹ ni ó gbé lé kọ̀ǹpútà lórí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe fèrèsé tí ń gorí fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà, bí ìwé ti ń gorí ìwé lórí tábìlì akọ̀wé. Bill Atkinson ti ilé-iṣẹ́ Apple ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1979, ó sì rò pé òun rí i tí fèrèsé tí ó wà lábẹ́ ń tún kìkì apá tí ó yọjú nínú rẹ̀ kùn. Wọn kò tíì ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nítorí ó gbà pé ẹnìkan ti ṣe é, ó jókòó tì í títí ó fi rí ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí agbègbè èyíkéyìí, ìbáà wọ́, ìbáà ní ihò láàárín. Ọgbọ́n náà wọ inú kọ̀ǹpútà Lisa ní 1983 àti Macintosh ní 1984. Andy Hertzfeld, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, sọ pé nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Atkinson, tí Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tí ó dá Apple sílẹ̀, sáré dé ilé ìwòsàn, ohun tí aláìsàn náà sọ fún un ni pé kí ó fọkàn balẹ̀, òun ṣì rántí bí a ti ń ṣe agbègbè. Ẹ wo bí iṣẹ́ ti jinlẹ̀ tó lọ́kàn ènìyàn!

Báwo ni ó ti ń rí nínú iṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ètò kan tí ó ń fi hàn iye iná tí ó kù nínú bátìrì ínfátà, nítorí ilé púpọ̀ ní Lẹ́kkí àti Ajáh ni ínfátà ń gbè nígbà tí iná bá lọ. Àwọn bọ́tìnì àti àpótí ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa; ẹni tí ń kọ ètò náà yóò ya ojú agogo kan fúnra rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n ètò náà kì í kùn nígbà tí ó bá wù ú. Yóò kàn fi tó kọ̀ǹpútà létí pé apá báyìí ti di ògbólógbòó. Kọ̀ǹpútà yóò kó irú apá bẹ́ẹ̀ jọ, yóò dúró kí iṣẹ́ yòókù tán, kí ó tó pe ètò náà lẹ́ẹ̀kan pé kí ó wá kùn wọ́n. Nínú Windows, WM_PAINT ni orúkọ ìpè náà, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ yòókù ni ó sì ń dé. Nínú Qt, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú ètò, ẹni tí ó ké sí update nígbà mẹ́wàá léraléra yóò sábà rí paintEvent kan ṣoṣo. Nínú Swing ti èdè Java, repaint ni ẹ̀bẹ̀, paintComponent ni iṣẹ́. Bí ètò bá sì fẹ́ kùn kọjá apá tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kọ̀ǹpútà yóò dá a dúró bí ẹ̀kọ láfún ti ń dá aró dúró.

Ibi méjì ni abẹ́rẹ́ yẹn ń kàn nígbà tí ó bá yí: ibi tí ó ti kúrò àti ibi tí ó dé. Ẹni tí ó bá gbàgbé ibi tí ó ti kúrò yóò rí abẹ́rẹ́ méjì lójú agogo kan, òkú ọ̀kan, ààyè èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí apá kékeré tí ó di ògbólógbòó bá wà ní igun òkè àti òmíràn ní igun ìsàlẹ̀ ní òdìkejì, tí a wá fi ìlà kan ṣoṣo yí méjèèjì ká, gbogbo fèrèsé ni a ti fi lé ọwọ́ akunlé láìmọ̀. Ó sàn kí a ka wọ́n sí agbègbè méjì. Èyí tí ó tún ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù ni kí wọ́n ya àwòrán ní kété tí a tẹ bọ́tìnì, láìkọ ohun tí wọ́n yà sínú ìrántí ètò náà. Àwòrán náà yóò hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa fèrèsé náà tóbi sí i, tí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n tún un kùn, kò sí ibi tí wọn yóò ti rí i fà yọ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ti àtijọ́, nítorí láti ìgbà Mac OS X ní 2001 àti Windows Vista ní 2007, kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àwòrán fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bíbò tí ọ̀kan bo èkejì kò sì pa á lára mọ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ohun tí ó yí padà nínú fèrèsé fúnra rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ààlà, kódà Wayland, ìlànà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux fi ń gbé fèrèsé jáde, ṣì ń fẹ́ kí ètò sọ apá tí ó yí padà. Ní àdúgbò tí a ti ń ra epo jẹnẹrétọ̀ kí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lè gba iná, mo gbà pé píksẹ́lì tí a kùn lásán jẹ́ owó tí a jù nù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín fún oníbàárà, ẹ jẹ́ kí ètò yín fi àwọ̀ tuntun kun apá tí a ní kí ó kùn, pupa lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ aró lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì máa wò ó bí abẹ́rẹ́ ti ń yí. Bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti kúrò àti ibi tí ó dé nìkan bá ń pàwọ̀ dà, iṣẹ́ yín dára. Bí gbogbo fèrèsé bá ń pàwọ̀ dà, ẹ padà sídìí rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti gbàgbé láti pààlà.