Àwọn Onífáíbà: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Lu Ògiri

Kí GSM tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, òṣìṣẹ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kì í ṣe ẹni tí à ń fojú kéré. Òun ló ń gun òpó, òun ló ń fa okùn bàbà wọ pálọ̀, òun náà ló mọ ìdí tí tẹlifóònù fi kú lẹ́yìn òjò. Gbogbo láìnì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè nígbà náà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ yìí rẹ́. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tún padà dé. Ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, àwọn onífáíbà, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì gba inú okùn gíláàsì wọlé, ló ń gun òpó báyìí.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi fóònù fa dátà láti orí máàsì. Àwọn mìíràn ti gbé àwo Starlink sórí òrùlé láti ìgbà tó ti dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó kọ́lé sí Èkó ti ń bá onífáíbà dúnàádúrà, iṣẹ́ náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ wa nílé pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé láti orí òpó dé pálọ̀ ni ibi tí onílé ti lè gba iṣẹ́ rere tàbí kí ó gba jágbajàgba, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti béèrè ohunkóhun.

Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń tọ̀ wá jìn. Ó ti abẹ́ òkun gòkè sí etíkun Èkó, níbi tí okùn MainOne ti gúnlẹ̀ ní 2010 tí Equiano ti Google sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Nígbà tí okùn mẹ́rin já papọ̀ nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn báńkì wa mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Láti Èkó, okùn a gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibùdó ilé-iṣẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀, fọ́nrán gíláàsì kan ṣoṣo, tí ìbú rẹ̀ kò ju 0.125 mílímítà lọ, ni wọ́n sábà máa ń pín sí ilé 32 tàbí 64 nínú àpótí kékeré tí wọ́n gbé kọ́ òpó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àpótí yẹn, torí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Kò lo iná rárá. Ìmọ́lẹ̀ lè rìn tó 20 kìlómítà láti ibùdó dé ilé láìsí ẹ̀rọ alágbára kankan lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí iye ọdún tí Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò fi wà láìsí iná ìjọba yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Máàsì kọ̀ọ̀kan ń jẹ dísù tọ̀sán-tòru. Fáíbà ń fẹ́ iná ní ibùdó àti nínú ilé nìkan. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa gbé sí pálọ̀ yín sábà máa ń lo fóòtì 12 àti nǹkan bí wáàtì 10, bátìrì kékeré lè gbé e di òwúrọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ń bọ̀ wá bá, ẹ retí ìbẹ̀wò méjì. Àkọ́kọ́ ni ti àyẹ̀wò: wọn yóò wo òpó tó sún mọ́ yín, wọn yóò wọn ibi tí okùn máa gbà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Bí ayálégbé bá ni yín, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ onílé. Ẹ má jẹ́ kí okùn gba àárín igi ọ̀pẹ, torí imọ̀ ọ̀pẹ tó bá já nígbà òjò kò mọ̀ pé gíláàsì ló wà nísàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn sórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dáná sungbó ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ìbẹ̀wò kejì, wọn yóò lu ihò kan ní ògiri, wọn yóò fa okùn wọlé, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ yọ́ ẹnu gíláàsì méjì pọ̀. Wákàtí mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Okùn náà kò fẹ́ kí a ṣẹ́ ẹ ní kọ̀rọ̀; ìmọ́lẹ̀ a máa jò dànù níbi tí ó bá ti tẹ̀ jù. Kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi òǹkà ìmọ́lẹ̀ hàn yín lórí mítà ọwọ́ wọn. Bí ó bá wà láàárín -15 sí -25, ó dára. Bí ó bá ti ń lọ sí -27, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe níṣojú yín, torí kò ní pẹ́ kí iná pupa tó tàn lára ẹ̀rọ náà. Ẹ ya àwòrán òǹkà yẹn pa mọ́. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì dáhùn, nọ́ńbà 622 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fi sílẹ̀ fún ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ló dé tí wọn kò tíì bo gbogbo ìlú? Owó ọ̀nà ni ọ̀kan lára ìdí rẹ̀, ìyẹn owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ̀bá títì. Láti 2013 ni àwọn gómìnà àti ìjọba àpapọ̀ ti fẹnu kò sí ₦145 fún mítà kan, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e. Èkìtì, aládùúgbò wa, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ₦4,500 sí ₦145 ní 2020. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ 90,000 kìlómítà okùn tuntun láti fi kún nǹkan bí 35,000 tó wà nílẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Òkìtìpupa tàbí Ìlútitun kò níláti dúró de àwọn onífáíbà. Kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ ní kí bíríkìlà tẹ́ páìpù kan láti ògiri ìta dé pálọ̀, yàtọ̀ sí ti wáyà iná, kí kọ̀rọ̀ rẹ̀ má ṣe mú jù, kí ó fi okùn ràgàjì sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí aláǹgbá má baà wọ ibẹ̀.