Ọkọ Mi, Ọ̀rẹ́ Mi: Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé, Opó àti Ìfẹ́ nínú Ìtàn Àròsọ Ìlú Kékeré

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò ṣàjèjì nínú ìtàn àròsọ Yorùbá. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930 dá lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Ṣùgbọ́n Èkó ni Ṣẹ̀gilọlá ti jayé, Yunifásítì Ìbàdàn sì ni Àjàní wà nígbà tí ó ń wá aya. Ọ̀dọ̀ Àjàní náà ni a ti ń wo Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ gbé ìtàn ọ̀rẹ́ obìnrin méjì, ọgbà ẹ̀fọ́ àti ìfẹ́ kalẹ̀ sí ìlú kékeré bí Olúpọ̀nnà lẹ́bàá Ìwó ní láti la ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ó lè wù ú láti yá àpẹẹrẹ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú The Enchanted April tí Elizabeth von Arnim kọ ní 1922, obìnrin mẹ́rin pawọ́ pọ̀ háyà ilé ńlá àtijọ́ kan ní Ítálì fún oṣù kan; òdòdó inú ọgbà ibẹ̀ tù wọ́n lára, ọ̀rẹ́ àti ìfẹ́ sì tibẹ̀ jáde. Owó ni wọ́n fi gba ọgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Ní Olúpọ̀nnà, ìbéèrè yẹn ni yóò kọ́kọ́ wáyé.

Ìdí ni pé ilẹ̀ ẹbí ni ẹ̀yìnkùlé. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin a máa jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n aya kì í jogún ọkọ. Ìyàwó lè gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbúre àti ṣọkọ-yòkòtò sí ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ̀fọ́ ti tó já, kò sì fi àmì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti igi. Ẹni tí ó gbin ọsàn tàbí obì ń sọ pé òun kò ní í lọ mọ́. Ìyẹn ni àwọn onílẹ̀ fi máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ dáko pé kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́. Nítorí náà, bí opó kan bá ri ọmọ ọsàn kan ṣoṣo mọ́ àárín ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àhunpọ̀ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. (Ṣọkọ-yòkòtò pàápàá, orúkọ tí ń sọ pé ẹ̀fọ́ náà ń mú ọkọ sanra, yóò ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kú.) Bí ẹbí náà bá tún jẹ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ ẹbí agbègbè Ìwó ti jẹ́, Kùránì fún opó ọkùnrin tí ó bímọ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ogún. Àríyànjiyàn láàárín àṣà àti ẹ̀sìn lórí ẹ̀yìnkùlé kan tó orí méjì nínú ìwé.

Ta wá ni ọ̀rẹ́ opó yìí? Òǹkọ̀wé lè mú orogún tàbí ìyàwó ilé mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè mú ìtàn jinlẹ̀ jù ni obìnrin tí ó dálémoṣú, ọmọ ilé tí ó fi ilé ọkọ sílẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. "Ọkọ mi" ni opó gbọ́dọ̀ máa pè é, nítorí pé gbogbo ọmọ tí a ti bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó dé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un. Òun náà yóò máa dáhùn pé "ìyàwó mi". Ọ̀kan nílẹ̀, kò lọ́kọ. Èkejì ti ṣọfọ̀ ọkọ, kò nílẹ̀. Wọ́n jọ ń pọn omi kànga sí ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rín wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ipò wọn kò dọ́gba. Irú èyí kò ṣàì ní àwòkọ́ṣe: nínú Efuru tí Flora Nwapa kọ ní 1966, ẹbí ọkọ àkọ́kọ́ ni Ajanupu, síbẹ̀ òun ni ó gbèjà Efuru nígbà tí ọkọ kejì fẹ̀sùn àgbèrè kàn án.

Ìgbà tí ọkùnrin àjèjì kan bá yọjú ni a óò mọ bí ọ̀rẹ́ náà ti lágbára tó. Ẹbí lè máa rò pé àbúrò olóògbé ni yóò ṣú opó. Ọ̀rẹ́ yìí kan náà ni ọkùnrin àjèjì yóò sì fẹ́ fi ṣe alárenà. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti da ẹbí. Bí ó bá sì jókòó sí ìpàdé ẹbí tí ó dákẹ́, ó ti da ọ̀rẹ́. Òǹkọ̀wé kò nílò ìpàdé ìkọ̀kọ̀ lábẹ́ igi. Ó tó kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ó bu omi sí ìdí ọmọ ọsàn. Kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Bí opó bá sì gbà láti lọ, ìṣòro èdè kan yóò kù tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú ìwé gbọ́dọ̀ yanjú: láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ ilé mìíràn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọkọ rẹ̀ mọ́. Kí ni yóò máa pè é nígbà tí ó bá padà wá wo bóyá ọsàn náà ti so?