Rẹ́tọ́ríìkì Àtijọ́ àti Àpilẹ̀kọ Sẹ́mínà: Ohun tó Ṣáájú Ọnà-Èdè

1.0 Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ tó bá ti dé ìpele oyè gíga kò ní ṣàì lè tọ́ka sí àfiwé, àwítúnwí, ìfohunpènìyàn àti àsọrégèé nínú ewì tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà bá dìde láti ka àpilẹ̀kọ tirẹ̀ ní sẹ́mínà, àkókò tí wọ́n fún un lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí àwọn olùgbọ́ tó mọ ohun tó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣe ìwádìí. Ìwádìí rẹ̀ tilẹ̀ lè jinlẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìwádìí náà kò tíì di àlàyé tí ẹlòmíràn lè gbà tàbí kí ó jiyàn sí.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí rẹ́tọ́ríìkì, ìyẹn ìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń mú ènìyàn gba ohun tí a sọ, lè ṣe sí àbùkù yìí. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọnà-èdè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú ẹ̀yà márùn-ún tí ìmọ̀ náà ní, àti pé ẹ̀yà méjì tó ṣáájú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò jù. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ló gba inú iṣẹ́ náà já: àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ láti fi hàn pé àrokò jẹ́ irú ìwé kíkọ kan.

2.0 Bí ìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe dínkù

Ní ìlú Áténì àtijọ́, ẹni tó bá ní ẹjọ́ ní ilé-ẹjọ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó níwájú àwọn adájọ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Nítorí náà, mímọ ọ̀rọ̀ sọ kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Aristotle (384–322 ṣáájú ìbí Kristi) kọ ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀, ó sì sọ pé ohun mẹ́ta ló ń mú olùgbọ́ gba ọ̀rọ̀: ìwà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi hàn, ipò tí ọkàn olùgbọ́ wà, àti ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ní Róòmù, Cicero (106–43 ṣáájú ìbí Kristi) to ẹ̀yà márùn-ún sílẹ̀ nínú De Inventione, ìwé tó kọ nígbà èwe rẹ̀. Àwọn nìyí: wíwá ọ̀rọ̀, títo ọ̀rọ̀, fífi èdè wọ ọ̀rọ̀ láṣọ, fífi ọ̀rọ̀ sórí, àti jíjẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn àti ara. Quintilian, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Róòmù, gbé ìtò yìí yẹ̀ wò fínnífínní nínú ìwé méjìlá tó parí ní nǹkan bí ọdún 95 lẹ́yìn ìbí Kristi.

Ẹni tó gé ìmọ̀ náà kúrú ni Petrus Ramus (1515–1572) ní Páríìsì. Ó kó wíwá ọ̀rọ̀ àti títo ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìmọ̀ ìrònú, ó sì fi èdè àti ohùn nìkan sílẹ̀ fún rẹ́tọ́ríìkì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń rí ìmọ̀ yìí bí àkójọ orúkọ ọnà-èdè. Ní ọdún 1958 ni Chaïm Perelman pẹ̀lú Lucie Olbrechts-Tyteca tẹ ìwé tó dá àlàyé àti ẹ̀rí padà sí ipò wọn. Ní ọdún kan náà ni Stephen Toulmin tẹ tirẹ̀ lórí bí ẹ̀rí ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ró.

3.0 Wíwá ọ̀rọ̀: kí ni ẹjọ́ gan-an?

Àgbà tó bá ń parí ìjà kì í tètè dá ẹjọ́. Yóò kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ìjà náà dá lé gan-an. Hermagoras ará Temnos, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ṣáájú ìbí Kristi, sọ irú ọgbọ́n yìí di ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé nǹkan náà ṣẹlẹ̀? Kí ni à ń pè é? Báwo ló ti rí, ṣé ó dára àbí kò dára? Ṣé ibí yìí ló yẹ kí a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé lórí àrokò kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò to ogún àrokò jọ, yóò sì sọ pé òun ti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé àrokò wà. Ìbéèrè kìíní kọ́ ni ẹjọ́. Ìbéèrè kejì ni. Kí ni à ń pè ní ìwé kíkọ? Geoffrey Sampson (1985) gba àwọn àmì tó ń gbé èrò jáde láìgba ti ìró èdè kọjá mọ́ ìwé kíkọ. John DeFrancis (1989) kò gbà. Lójú tirẹ̀, ìwé kíkọ tó kún gbọ́dọ̀ dúró lórí ìró ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nígbà tí ẹjọ́ bá ti hàn báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ẹ̀rí tí yóò wá. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ránṣẹ́ dúró fún ẹ̀fà, ẹ̀fà sì mú fífà wá sí ọkàn: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ dúró fún ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè ka àrokò wọ̀nyí, nítorí ìró èdè ni wọ́n gùn lé. Àpẹẹrẹ méjì yìí wúlò ju ogún tí kò kan ẹjọ́ lọ.

4.0 Títo ọ̀rọ̀

Cicero pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà: ìbẹ̀rẹ̀, ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ìpínsọ́tọ̀ ibi tí iyàn wà, ẹ̀rí, ìdáhùn sí alátakò, àti ìparí. Kò jìnnà sí èyí ni ohun tí John Swales (1990) rí nínú ìfáárà àpilẹ̀kọ ìwádìí lóde òní: òǹkọ̀wé a fi oko tó ń ro hàn, a tọ́ka sí ibi tí wọn kò tíì ro nínú rẹ̀, a sì sọ pé ibẹ̀ ni òun yóò ro.

Apá tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò jù ni ìdáhùn sí alátakò. Alátakò lè sọ pé àrokò kò lè kọ gbogbo gbólóhùn tó wà nínú èdè, àti pé ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò dín ohun tó ń sọ kù: kò ní sọ mọ́ pé àrokò jẹ́ ìwé kíkọ tó kún, yóò sọ pé àwọn àrokò kan ń lo ìró èdè Yorùbá bí ìwé kíkọ ti ń lò ó. Gbólóhùn kejì kò dún tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣòro láti bì ṣubú. Ìwà tí Aristotle sọ nípa rẹ̀ ló fi hàn, nítorí olùgbọ́ a máa fọkàn tán ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé.

5.0 Èdè, ìrántí àti ohùn

Òǹkàwé lè ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Olùgbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ tí wọn yóò kà sétí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kí gbólóhùn rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Cicero àti Quintilian ròyìn pé nígbà tí wọ́n bi Demosthenes ní ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ sísọ, jíjẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ló dárúkọ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Fún ẹni tó ń ka Yorùbá, èyí bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ohùn. Ẹni tí kò fi àmì sí ẹsẹ ewì tó fẹ́ kà lè ka ìlù ní ìlú níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ̀rí tó fẹ́ fi hàn sì sọnù sínú ẹ̀rín. Ní ti ìrántí, kò pọn dandan kí ó kọ́ odindi àpilẹ̀kọ sórí; ó tó bí ó bá lè gbójú sókè sọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀rí rẹ̀ láìwo ìwé.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ó ṣeé yá lọ́wọ́ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọnà-èdè Yorùbá kò kéré. Ìbéèrè tó ń wá ẹjọ́ rí àti ìtò tó ń fún alátakò ní àyè tirẹ̀ ni. Nínú àpẹẹrẹ àrokò, ìbéèrè náà ló fi ẹ̀rí tó kan ẹjọ́ hàn, ìtò náà ló sì yí kókó ọ̀rọ̀ padà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ronú kan ẹwà gbólóhùn. Bí wọ́n bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní méjèèjì kí ó tó mú kálàmù, àríyànjiyàn sẹ́mínà yóò dá lórí ohun tí àpilẹ̀kọ sọ, kò ní jẹ́ lórí ohun tí olùkọ̀wé ní lọ́kàn.